Ọ̀dà Tí Mo Kùn fún Motọ́lání

Ọmọbìnrin náà dúró níwájú ilé bàbá mi, ó gbé fóònù sókè, ó ya àwòrán ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi nígbà mẹ́tàdínlógún. Mo kà á. Bákónì òkè ni mo jókòó sí, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo sì gbé ẹ̀wà sílẹ̀ kí n lè kà á dáadáa. Ó ya ibi kọ́kọ́rọ́, ó ya àkọlé tó wà lókè ilẹ̀kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ya ìsàlẹ̀ pákó tí ikán ti jẹ. Nígbà tó ṣe tán, ó fara ti ògiri ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ń wo àwọn àwòrán rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ògiri tó fara tì yẹn, èmi ni mo lẹ táìlì sí i lọ́dún 2011. Kò tilẹ̀ wò ó.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní parọ́ pé ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jowú Motọ́lání. Mo ti ń jowú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Abigail ni orúkọ mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé ní Súrúlérè, ipò ọ̀gá ilé-ìwé ni mo wà tí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní máàkì. Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn yìí tán, ẹ fún mi ní èyí tó bá tọ́ sí mi. Mi ò ní bẹ̀ yín.

Bàbá wa, Theophilus, akọ̀wé rélùwéè ní Ìdó, ló kọ́ ilé náà sí Yaba, ó sì parí rẹ̀ ní 1951. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni. Bíríkìlà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sí iwájú rẹ̀ lókè, ó sì kọ ọdún náà sáàárín òdòdó. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ilẹ̀kùn pákó tó ń ká sí mẹ́rin sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi, Lucy, ló wà lọ́tùn-ún, tó ń ta òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti léèsì tí wọ́n fi ń pa etí aṣọ. Tòsì, ọmọbìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ bàbá, tó ń rán àkẹtẹ̀ fún àwọn ìyá ìjọ. Adékẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Ayálégbé ló wọlé, ìyàwó ló yọrí sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti so bàbá àti ìyá mi pọ̀, òrùka wà lọ́wọ́ ìyá mi, ìwé ìgbéyàwó sì wà nínú àpótí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Adékẹ́mi jáde síta, àwọn àgbà ìjọ ní bàbá ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa mọ́ àyàfi tó bá lé e. Bàbá ò lé e. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ló fi jókòó sí àga ẹ̀yìn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, títí ikú fi mú un lọ. Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tó dun òun jù lọ nìyẹn. Ó ní ọkùnrin tó lè fi àkàrà Olúwa sílẹ̀ nítorí obìnrin kan, kí ni yóò fi òun Lucy ṣe? Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n bí Motọ́lání. Ìyá mi ní kí n lọ wò ó. Mo lọ, mo rí bí bàbá ṣe gbé e, mo padà wá sọ fún ìyá mi pé ọmọ náà ò rẹwà. Ó fún mi ní ẹran.

Lẹ́yìn ikú bàbá, àwọn ẹbí pín ilé ní ìdí igi: ọ̀tún fún ọmọ Lucy, òsì fún ọmọ Adékẹ́mi. Ìyá méjì, ọmọ méjì, ilé kan. Èmi rí ọwọ́ họrí díẹ̀. Motọ́lání ò rí. Ọkọ rẹ̀ tètè kú, iṣẹ́ àkẹtẹ̀ tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ náà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, torí àwọn ìyá ìjọ ti ń ra èyí tó ti Ṣáínà wá ní Tejúoṣó. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo yọ ilẹ̀kùn pákó ìyá mi dànù, oníbúrẹ́dì kan gbé e lọ dáná. Mo fi ilẹ̀kùn onírin tó ń ká sókè rọ́pò rẹ̀, mo lẹ táìlì aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán sí ara ògiri, mo gbé e fún Quadri, ọmọkùnrin tó ń ṣe POS, ẹni jẹ́jẹ́ kan báyìí. Gbogbo àdúgbò ní mo ti sọ ilé di tuntun. Wọ́n á tún yíjú sí Motọ́lání pé, tìẹ ńkọ́? Òun a máa rẹ́rìn-ín pé tòun náà ń bọ̀ lágbára Olúwa. Ẹ̀rín yẹn, mo gbádùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá.

Àṣé àìní ti di ẹwà nílùú, èmi ni mi ò gbọ́.

Ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán yẹn padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo rí i tó wọ ọ̀dọ̀ Motọ́lání, mo sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́dọ̀ Quadri. Jael lorúkọ rẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ilé yíyà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń wá àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kiri Yaba àti Èbúté Mẹ́ta kí wọ́n tó wó wọn tán. Ó ṣàlàyé pé mẹ́wàá ni àwọn máa yàn lọ́dún yìí. Wọ́n á kan àwo idẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ni yóò sì wà lójú àwo, wọ́n á tún kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Ó ní inú àwọn àgbà ẹgbẹ́ dùn gidi sí ti Motọ́lání, pé kò sí ilẹ̀kùn alákàpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, pé wọ́n á wá fọwọ́ sí i ní Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Mo tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. Mo ní ṣé ilé kan náà kọ́ ni, ṣé bàbá kan náà kọ́ ló kọ́ ọ, ṣé wọn ò lè kan àwo sáàárín? Ọmọ náà tijú díẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn onírin mi, ó wo táìlì mi, ó tún wo ojú mi.

“Mummy, ẹ má bínú o,” ó ní. “Ẹ̀gbẹ́ tiyín ti di tuntun. Ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ la ń kan àwo mọ́, kì í ṣe gbogbo ilé.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí gan-an, kí ẹ má bàa rò pé idẹ ni mò ń wá. Orúkọ ìyá mi ò sí níbì kankan. Kò sí lára òkúta ibojì bàbá, torí àwọn ẹbí ò fẹ́ kí ìjà ìyàwó méjì dé itẹ́ òkú. Kò sí lára ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, èmi fúnra mi ni mo fún oníbúrẹ́dì. Bí wọ́n bá wá kan àwo yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ, títí ayé, orúkọ Adékẹ́mi ni yóò kà lára ilé Theophilus. Àwọn ọmọdé á máa rò pé òun nìkan ni ìyá tó gbé ibẹ̀ rí. Mo gun òkè padà, ẹ̀wà tí mo sè lọ́jọ́ náà jóná mọ́ ìkòkò.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Motọ́lání nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn orí onípákó tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé àkẹtẹ̀ lé ṣì wà níbẹ̀, mẹ́fà, wọ́n tò sórí pẹpẹ láìní ojú láìní ẹnu. Ó dìde fún mi, ó nu àga, ó kúnlẹ̀ kí mi. Àrà tó máa ń dá nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, yóò sì kúnlẹ̀ ni, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ó níwà. Mo bi í léèrè bóyá kò rò pé orúkọ bàbá ló yẹ kí ó wà lójú àwo. Ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní rárá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí n sòótọ́ fún yín,” ó ní, “mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ilẹ̀kùn tó ń tì mí lójú látọjọ́ yìí.”

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ mi ò jẹ́ kó wọ̀ mí létí. Lójú mi, ìwà ẹ̀tàn ni. Ta ni wọ́n á gbé oyè fún, tí yóò máa sọ pé fìlà oyè ń ti òun lójú?

Oṣù kọkànlá tó ń bọ̀ yẹn ni bàbá máa pé àádọ́ta ọdún tó ti fi ayé sílẹ̀. Nílé tiwa, bí ìrántí òkú bá ti ń bọ̀, ó di dandan kí wọ́n kun ilé. Àkọ́bí ló máa ń pe péńtà, àwọn yòókù á kàn jí rí i ni. Ẹnikẹ́ni kì í tọrọ àyè kó tó kun ilé bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè bínú sí i pé ó kùn ún. Bí ìyá mi ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí bàbá pé ọdún kan, tó kun iwájú ṣọ́ọ̀bù Adékẹ́mi pọ̀ mọ́ tirẹ̀, tí Adékẹ́mi sì fi ìrẹsì sísè ránṣẹ́ sókè láti fi dúpẹ́. Lóru ọjọ́ mẹ́ta ni mo rò ó, tí mo ń yí i síwá sẹ́yìn, kò sí ibi tó ti lábùkù. Wọ́n ní ajá tí wọ́n bá fẹ́ pa ni wọ́n ń fún lórúkọ burúkú. Orúkọ rere ni èmi fún tèmi. Mo pè é ní ìrántí bàbá.

Mo pe Ṣàfíù, péńtà kan ní Muṣin tó máa ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo mú àwọ̀ ewé, èyí tó ń dán bí ara àmù tútù, tí ènìyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo dá a sí ọjọ́ Tọ́sìdé, torí mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń yẹ ojú Motọ́lání wò ní ọsibítù, kì í sì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ète mi má bàa hàn jù, mo ní kí ó fi àwọ̀ kan náà kun irin bákónì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọ dáadáa ni Ṣàfíù, kì í kánjú. Ó fi ìwé oníyanrìn fá pákó náà, ó nù ún, ó kun ẹsẹ̀ kìíní, ó dúró kó gbẹ, ó kun ẹsẹ̀ kejì. Mo jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Quadri, mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo eré.

Ó wá ku àkọlé. Pákó gbọọrọ kan ló wà lókè ilẹ̀kùn náà, ADÉKẸ́MI ALÁKẸTẸ̀, lẹ́tà aláwọ̀ aró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ni ayàwòrán ti ya àkẹtẹ̀ kan, funfun, tó ní ìyẹ́ gígùn kan lórí tó tẹ̀ sẹ́yìn bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dúró sábẹ́ rẹ̀ bí ìyá mi ò bá sí nítòsí. Ṣàfíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá a, ó dúró lórí àkàsọ̀, ó yíjú wò mí.

“Mummy, àwòrán yìí fine gan-an o. Ṣé kí n kúkú yí i ká?”

“Kùn ún,” mo ní.

Ó kùn ún.

Nǹkan bí agogo márùn-ún ni Motọ́lání sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, báńdéèjì wà lójú rẹ̀ kan. Mo ti sáré gun bákónì, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ sẹ́nu: ìrántí bàbá ni, àádọ́ta ọdún kì í ṣeré, àbí o ò fẹ́ kí ilé bàbá rẹ mọ́ ni? Mò ń retí igbe. Ó dúró sójú títì pẹ́. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan kàn án, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé ìka náà sí iwájú ojú rẹ̀ tó dára, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó bi Quadri ní ohun kan. Quadri nawọ́ sí mi lókè.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń sinmi lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nítorí orúnkún. Mo dìde láti gba ìjà. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó bú sẹ́kún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun. Ẹ ò gbàgbé mi.”

Ó ní láti ọdún tí mo ti ṣe tèmi lòun ti ń gbàdúrà pé kí Olúwa bá òun ṣe tòun, kí ilé bàbá má dà bí ẹni tó fá apá kan orí tó sì dá apá kan sí. Ó ní òun ò mọ̀ pé èmi ni Olúwa máa rán. Mo ní kó dìde. Mo ní kò tó nǹkan. Nígbà tó lọ tán, mo rí i pé omijé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì lọ fọ ẹsẹ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Motọ́lání ò jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìta ló ń gbé àga sí. Ẹni tó bá kọjá, yóò dá a dúró, yóò fi hàn án, yóò ní ọ̀dà Ẹ̀gbọ́n òun rèé. Àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ wá wò ó lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gun òkè wá bá mi, wọ́n dúró yí mi ká ní pálọ̀, ọ̀kan nínú wọn gbàdúrà pé bí mo ṣe bo àbúrò mi láṣìírí, Ọlọ́run ò ní tú àṣírí mi. Àdúrà yẹn, mo ṣe àmín sí i. Kí ni kí n ṣe? Inú mi dùn pé àwo idẹ ti lọ. Ohun tí mi ò retí ni pé ayọ̀ rẹ̀ á máa run mí nínú. Mo fẹ́ kó sunkún, ó sunkún, àmọ́ irú ẹkún tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Sátidé náà dé. Jael wá pẹ̀lú àgbà ọkùnrin kan àti àgbà obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ wọn, ó gbé fáìlì dání. Mo ti wọ ìró dáadáa, mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi. Nígbà tí wọ́n yọ sí wa, Jael dúró lójijì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bi Motọ́lání pé ta ló ṣe báyìí. Motọ́lání rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí mi, ó ní Ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọmọ náà wò mí. Ó wò mí pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ọmọdé wo àgbà lọ, mo sì mọ̀ pé ó ti yé e. Mo gbé ojú mi sí ibòmíràn.

Àgbà ọkùnrin yẹn ò bínú. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀ níbi igun kan, ó mi orí. Ó ní òróró pọ̀ nínú pákó àtijọ́ yẹn, ọ̀dà tuntun ò tíì mú un dáadáa, pé àwọn ní ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń bó irú rẹ̀ láì fọwọ́ kan èyí tó wà nísàlẹ̀, àmọ́ kó má pẹ́. Ó ní ohun tó kù kò ju pé kí onílé fọwọ́ síwèé. Jael ti ń ṣí fáìlì, ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Àwọn ará àdúgbò ti ń pé jọ, Quadri ti gbé fóònù sókè, ó ń ya wá.

Motọ́lání ò gba bírò. Ó ti ọwọ́ Jael sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ẹ má bó o,” ó ní. “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an, ẹ gbé àwo yín fún ẹlòmíràn. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Ẹ̀gbọ́n mi ò fún mi ní nǹkan kan rí, mi ò sì bínú, torí mo mọ ohun tí màmá mi fojú màmá wọn rí. Ọ̀dà yìí ni nǹkan àkọ́kọ́. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n bó o.”

Mo ti borí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, mo ti borí. Kò sí àwo, kò sí orúkọ Adékẹ́mi, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ̀sùn kàn mí. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dákẹ́, kí n padà sókè lọ jẹun. Àmọ́ mo wo ojú àwọn ènìyàn. Jael ń nu ojú. Àgbà obìnrin yẹn di Motọ́lání lọ́wọ́ mú, ó ń sọ fún un pé òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé ìfẹ́ tó wà nínú ilé yìí ju idẹ lọ. Gbogbo wọn ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo ìyàwó tuntun. Bàbá mi ló kọ́kọ́ wò ó bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó nínú aṣọ ìkókó. Mo wá rí i pé ìkà tí mo fọwọ́ mi ṣe, tó jẹ́ tèmi nìkan, ó ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sára. Kò sí ohun tí mo ní tí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó di ohun tó dára.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló mú mi sọ̀rọ̀, irọ́ ni. Owú ni. Mi ò lè gbà kí ó tún fi èyí rẹwà.

“Motọ́lání,” mo ní, ohùn mi sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Quadri sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀. “Mi ò kùn ún fún ẹ. Mo kùn ún kí wọ́n má bàa fún ẹ ní àwo yẹn ni.”

Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fẹ́ kọjá, ó rí èrò, ó yí padà. Motọ́lání wò mí, mo sì rí i bí ayọ̀ yẹn ṣe kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tí mo sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀ gan-an. Mo rò pé yóò dùn mọ́ mi. Ó gbé ojú sókè wo pákó àkọlé, níbi tí ohunkóhun ò sí mọ́ àfi àwọ̀ ewé tó ń dán.

“Títí kan àkẹtẹ̀ màmá mi?” ó ní.

“Ṣàfíù ní kóun yí i ká. Èmi ni mo ní kó kùn ún.”

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. Ó yíjú sí Jael, ó gba bírò, ó fi ìwé náà lé orí àga tó gbé síta, ó fọwọ́ sí i, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń yí ẹsẹ̀ padà láti wọlé nígbà tí mo gbọ́ tó ń bi ọmọ náà pé orúkọ mélòó ló lè gba ojú àwo yẹn. Jael ní méjì, bí lẹ́tà ò bá tóbi jù.

“Ẹ kọ Lucy ṣáájú,” Motọ́lání ní. “Ìyáálé ni wọ́n. Kẹ́ ẹ wá kọ ti màmá mi sábẹ́ ẹ̀.”

Jael wò mí, ó tún wò ó, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ṣebí ìyá yẹn ò tajà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí.

“Inú ilé yìí ni wọ́n ti tajà. Ẹ bá mi kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dun ọmọ wọn.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò bínú, kò pariwo, bí ẹni tó ní kí wọ́n fún aláàárẹ̀ ní omi mu. Ó ní ọmọ wọn. Kò ní Ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé àga rẹ̀ wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn pákó ilẹ̀kùn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀dà ṣì ń lẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pàdé, ó ní láti fi èjìká tì í kó tó pa dé.

Wọ́n ti bó o báyìí. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe é, pẹ̀lú aṣọ rírẹ̀ àti ọ̀bẹ kékeré. Lẹ́tà padà, àkẹtẹ̀ padà. Ìyẹ́ orí rẹ̀ nìkan ni kò padà, torí ìwé oníyanrìn Ṣàfíù ti jẹ ẹ́. A ṣe ìrántí bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Motọ́lání jókòó sí àga tirẹ̀, èmi sí tèmi. Kó tó di Kérésì ni wọ́n kan àwo idẹ. LUCY, ADÉKẸ́MI, àwọn ìyá tó tajà nínú ilé yìí. Àwọn àjèjì ń wá yà á ní fóònù, lọ́jọ́ Sátidé pàápàá, Quadri sì ti kọ́ bó ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, àyàfi apá tó kàn mí. Ó kí mi kú oríire lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án. Ó ní, Mummy, orúkọ màmá yín ló ṣáájú o. Mo ní mo rí i, mo dúpẹ́.

Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti kékeré nìyẹn, pé kí wọ́n kọ orúkọ ìyá mi sára ilé ọkọ rẹ̀, kí ó ṣáájú ti obìnrin yẹn. Ọwọ́ ọmọ obìnrin yẹn ni mo ti gbà á, lọ́jọ́ tí mo ṣe é níkà lójú gbogbo ayé. Bí mo bá ń lọ sí ọjà báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà.